Bí a ṣe ń ka òfin oyún ṣíṣẹ́ kí a tó dá sí àríyànjiyàn rẹ̀

Ẹ fetí sí ètò orí rédíò èyíkéyìí tí wọ́n bá ti dá ọ̀rọ̀ oyún ṣíṣẹ́ sílẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ tó pè á ní òfin Nàìjíríà kò gbà á rárá, kò sí àyè kankan. Ẹni kejì á ní irọ́ ni, Èkó ti fọwọ́ sí i láti 2022. Ẹni kẹta á ní Nàìjíríà ti buwọ́ lu àdéhùn Áfíríkà, ẹ̀tọ́ obìnrin ni, ó parí. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ṣì í, kò sì sí ẹni tó ṣí ìwé òfin wò nínú wọn.

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún akọ̀ròyìn, oníwàásù, nọ́ọ̀sì, olórí ẹgbẹ́ obìnrin àti ẹnikẹ́ni tó fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ yìí lójú ayé. Bóyá ẹ fẹ́ kí òfin náà le sí i ni o, bóyá ẹ fẹ́ kó rọ̀ ni o, iṣẹ́ kan náà ló wà nílẹ̀: ẹ mọ ohun tó wà nínú ìwé kí ẹ tó sọ pé kí wọ́n yí i padà tàbí kí wọ́n má fọwọ́ kàn án.

Ẹ kọ́kọ́ mọ orí ilẹ̀ tí ẹ dúró sí

Òfin oyún ní Nàìjíríà kì í ṣe ẹyọ kan. Ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí wọ́n ń pè ní Criminal Code ni gúúsù ń lò. Èyí tí wọ́n ń pè ní Penal Code ni àríwá ń lò. Èkó ní òfin ìwà ọ̀daràn tirẹ̀ lọ́tọ̀ láti 2011. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa Yorùbá ju ọ̀pọ̀ èèyàn lọ, nítorí pé ààlà àwọn òfin náà la ilẹ̀ wa kọjá. Ẹni tó wà ní Ìkìrun, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, abẹ́ Criminal Code ló wà. Bó bá wọ ọkọ̀ dé Ọ̀fà, tí kò jìnnà rárá, ó ti bọ́ sábẹ́ Penal Code, torí pé ara àríwá ni wọ́n ka ilẹ̀ tó di Kwara sí láyé àwọn òyìnbó. Bákan náà ni Kàbà, ní ìpínlẹ̀ Kogi.

Bàbá òfin méjèèjì yàtọ̀ síra. Queensland ní Ọsirélíà ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe irú Criminal Code wa, lọ́dún 1899, kí ìjọba amúnisìn tó gbé e wá síbí. Ó sì kárí gbogbo Nàìjíríà ní 1916. Penal Code ní tirẹ̀ gba Sudan wá láti inú òfin India ti 1860, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní àríwá ní 1960. Ẹni tó bá ń pariwo pé àṣà wa ni òfin yìí ń gbèjà, tàbí pé àwọn baba wa ló ṣe é, kó rántí ibi tó ti wá.

Ìkìlọ̀ kan kí a tó tẹ̀síwájú: nọ́ńbà abala tí a máa lò nísàlẹ̀ yìí, ti ìwé òfin àpapọ̀ ni. Bí ìpínlẹ̀ bá tún òfin náà tẹ̀, nọ́ńbà lè yí padà. Ẹ wá ẹ̀dà ti ìpínlẹ̀ yín gan-an, kí ẹ fi ọ̀rọ̀ inú abala wá a, kì í ṣe nọ́ńbà nìkan. Ibi tí ẹ ó ti rí i ni ilé ìkàwé ilé ẹjọ́ gíga, ọ́fíìsì ìjọba tó ń tẹ òfin, tàbí ọwọ́ lọ́yà tó bá gbà kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀.

Ẹ ka abala náà ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan

Abala mẹ́ta ni Criminal Code fi sọ ọ̀rọ̀ yìí, ẹni kọ̀ọ̀kan ló sì ní tirẹ̀. Abala 228 wà fún ẹni tó ṣe é fún obìnrin, bóyá oògùn ló fún un, bóyá irin ló fi ṣe é: ẹ̀wọ̀n ọdún 14. Abala 229 wà fún obìnrin náà fúnra rẹ̀: ọdún 7. Abala 230 wà fún ẹni tó ta ohun èlò tàbí oògùn, tó sì mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe: ọdún 3. Ìṣirò tí àwọn èèyàn máa ń pò pọ̀ nìyẹn. Wọ́n á ní "ẹ̀wọ̀n ọdún 14 ni obìnrin tó bá ṣẹ́yún", bẹ́ẹ̀ ìdajì rẹ̀ ni òfin kọ fún obìnrin.

Ẹ wá wo abala 228 dáadáa. Ó ní ẹni tó bá gbìyànjú láti mú oyún wálẹ̀ ti jẹ̀bi, "whether she is or is not with child". Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé agbẹjọ́rò ìjọba kò nílò láti fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé oyún wà nínú obìnrin náà rárá. Èrò ọkàn ẹni tó ṣe é ni wọ́n ń wò. Ọ̀rọ̀ kejì tó yẹ kí ẹ fàlà sí ni "unlawfully", ìyẹn lọ́nà tí kò bá òfin mu. Ọ̀rọ̀ kékeré ni, àmọ́ òun ló jẹ́ ká mọ̀ pé ọ̀nà kan wà tí òfin kò kà sí ẹ̀ṣẹ̀, a ó sì rí ọ̀nà náà ní abala 297. Abala yẹn sọ pé ẹni tó bá fi ọkàn tó mọ́ àti ọgbọ́n iṣẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ láti gba ẹ̀mí ìyá là kò jẹ̀bi, bí ipò tí aláìsàn wà bá mú kí iṣẹ́ abẹ náà bọ́gbọ́n mu.

Nítorí náà, ẹni tó bá ní kò sí àyè kankan ti ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Àyè kan wà, ó sì tóóró. Ó tóóró débi pé iṣẹ́ abẹ nìkan ni abala 297 dárúkọ, kò dárúkọ oògùn. Àwọn lọ́yà ṣì lè jiyàn lórí ìyẹn títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Penal Code gba ọ̀nà mìíràn. Abala 232 fi àyè náà sínú gbólóhùn kan náà pẹ̀lú ìjìyà: ẹni tó bá mú oyún obìnrin wálẹ̀, tí kì í ṣe láti gba ẹ̀mí obìnrin náà là, lè ṣẹ̀wọ̀n tó tó ọdún 14, tàbí kó san owó ìtanràn, tàbí méjèèjì. Owó ìtanràn yìí kò sí nínú abala 228.

Ohun tí kò sí nínú òfin méjèèjì náà ṣe pàtàkì. Kò sí ìfipábánilòpọ̀ níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìdí. Kò sí ọmọ tí bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n fún lóyún. Kò sí oyún tí ọmọ inú rẹ̀ kò lè yè. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òfin Nàìjíríà fàyè gba ọmọbìnrin tí wọ́n fipá bá lò, ẹ bi í pé abala wo. Ohun tí lọ́yà lè gbé dìde ni ẹjọ́ Bourne ní Lọ́ńdọ̀nù, 1938: dókítà kan ṣẹ́ oyún ọmọ ọdún 14 kan tí àwọn ṣọ́jà fipá bá lò, adájọ́ sì sọ fún ìgbìmọ̀ aráàlú tó ń dá ẹjọ́ náà pé gbígba ẹ̀mí là lè kan kí ara àti ọpọlọ ẹni náà má bàjẹ́ pátápátá. Wọ́n dá dókítà náà sílẹ̀. Àmọ́ ẹjọ́ ìlú òyìnbó nìyẹn. Adájọ́ wa lè wò ó, kò pọn dandan kó tẹ̀ lé e.

Èkó, àti ọjọ́ mẹ́sàn-án ti 2022

Abala 145, 146 àti 147 nínú òfin Èkó ti 2011 ń bá àwọn ẹni mẹ́ta kan náà wí. Ìyàtọ̀ wà ní abala 201: kì í ṣe ẹ̀mí ìyá nìkan ló wà níbẹ̀, ìlera ara rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Láti inú abala yẹn ni iléeṣẹ́ ètò ìlera Èkó ti gbé ìlànà kan jáde ní ọjọ́ 28 oṣù kẹfà 2022, kí àwọn dókítà lè mọ irú àìsàn tó bọ́ sábẹ́ òfin àti ẹni tó yẹ kó ṣe ìpinnu. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì àti àwọn mìíràn tako o. Nígbà tó di ọjọ́ 7 oṣù keje, gómìnà Babajide Sanwo-Olu ti dá a dúró.

Àṣìṣe ibí yìí ni pé àwọn èèyàn rò pé nígbà tí ìlànà jáde, òfin yí padà, nígbà tí ìlànà sì dúró, òfin tún padà sí bó ṣe wà. Rárá o. Ìlànà ń ṣàlàyé òfin ni. Abala 201 ti wà láti 2011, ó ṣì wà lẹ́yìn tí wọ́n dá ìlànà dúró. Dókítà tí kò rí ìlànà mọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù, torí pé òun nìkan ló máa dá pinnu lórí bẹ́ẹ̀dì aláìsàn, pẹ̀lú ẹ̀rù ọlọ́pàá.

Àdéhùn tí wọ́n buwọ́ lù

Àdéhùn Maputo ti 2003 lórí ẹ̀tọ́ obìnrin ní Áfíríkà, tí Nàìjíríà fọwọ́ sí ní 2004, sọ ní abala 14 pé kí orílẹ̀-èdè gba oyún ṣíṣẹ́ láyè bó bá jẹ́ ìfipábánilòpọ̀, ìbálòpọ̀ láàárín ẹbí, tàbí tí oyún bá ń wu ẹ̀mí tàbí ìlera ara àti ọpọlọ ìyá léwu. Ó dára láti mọ̀ ọ́n. Àmọ́ ẹ ṣí ìwé òfin ìpìlẹ̀ 1999, abala 12: àdéhùn pẹ̀lú orílẹ̀-èdè mìíràn kò ní agbára òfin níbí àyàfi tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ bá sọ ọ́ di òfin. Wọn kò tíì ṣe bẹ́ẹ̀ fún Maputo. Ẹ lè fi í bá aṣòfin sọ̀rọ̀, ẹ má fi í dá ẹlẹ́jọ́ lójú.

Bákan náà ni kí ẹ má gbé ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà wá sí Ìbàdàn. Ìdájọ́ Dobbs ti ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà, ọjọ́ 24 oṣù kẹfà 2022, tó wó ìdájọ́ Roe ti 1973 tó sọ oyún ṣíṣẹ́ di ẹ̀tọ́ jákèjádò ibẹ̀, ló sọ ọ̀rọ̀ náà di ti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́hùn-ún. Ẹni tó ní ẹbí ní Houston àti ní Maryland gbọ́dọ̀ mọ ìyẹn. Kò yí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan padà nínú abala 228.

Lẹ́yìn ẹnubodè: bí a ṣe ń ka ọ̀sẹ̀

Orílẹ̀-èdè Benin, kì í ṣe Ìlú Ẹdó, ti gba ọ̀nà mìíràn. Àwọn aṣòfin wọn dìbò ní oṣù kẹwàá 2021, wọ́n tún òfin 2003 ṣe. Láti ìgbà náà, obìnrin ní Kétu, Pobẹ̀ tàbí Ṣábẹ lè béèrè fún oyún ṣíṣẹ́ bí oyún náà bá máa dá wàhálà sílẹ̀ tàbí pa kún un, ní ti owó, ẹ̀kọ́, iṣẹ́ tàbí ìwà ọmọlúàbí, lọ́nà tí kò ní ṣe òun tàbí ọmọ láǹfààní. Gbèǹdéke rẹ̀ ni ọ̀sẹ̀ 12. Mínísítà ètò ìlera wọn, Benjamin Hounkpatin, sọ nígbà náà pé nǹkan bí 200 obìnrin ni wàhálà oyún ṣíṣẹ́ ń pa lọ́dọọdún ní orílẹ̀-èdè náà.

Ọ̀sẹ̀ 12 yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣì kà, ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n sì ń gbà ṣì í. Àwọn kan ń kà á láti ọjọ́ tí obìnrin àti ọkùnrin jọ sùn. Àwọn kan ń kà á láti ọjọ́ tí nǹkan oṣù kò wá. Àwọn mìíràn ní "oṣù mẹ́ta" ni, bẹ́ẹ̀ oṣù mẹ́ta tó ọ̀sẹ̀ 13. Láti ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ nǹkan oṣù tó gbẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ ni dókítà ti ń kà á.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣe é. Ká ní ọjọ́ 4 oṣù kẹta ni ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Lónìí jẹ́ ọjọ́ 20 oṣù karùn-ún. Oṣù kẹta ṣẹ́ku ọjọ́ 27, oṣù kẹrin ní 30, oṣù karùn-ún ti lo 20. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 77. Ẹ pín in sí 7: ọ̀sẹ̀ 11 géérégé. Ọjọ́ 84 ni ọ̀sẹ̀ 12, ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ kan péré ló kù. Ẹni tó bá kà á láti ọjọ́ tí oyún dúró á rò pé ọ̀sẹ̀ 9 ni òun wà, á rò pé àyè ṣì wà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ kì í wá déédéé gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀rọ, torí pé kàlẹ́ńdà nìkan á tàn án jẹ.

Ìtọ́jú tí òfin kankan kò fòfin dè

Ibí yìí ni àríyànjiyàn ti ń pa èèyàn. Obìnrin tí oyún rẹ̀ bàjẹ́ fúnra rẹ̀ àti obìnrin tó lọ ṣẹ́ ẹ níbì kan, bákan náà ni ẹ̀jẹ̀ wọn ṣe ń dà. Nọ́ọ̀sì ń bẹ̀rù, ó ní kí wọ́n lọ mú ìwé ọlọ́pàá wá. Abala 228 sí 230 kò sọ bẹ́ẹ̀. Kò sí ibì kankan nínú wọn tí wọ́n ti fi ìtọ́jú ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ ṣe ẹ̀ṣẹ̀, tàbí tí wọ́n ti ní kí nọ́ọ̀sì lọ fẹjọ́ aláìsàn sùn. Òfin ètò ìlera àpapọ̀ ti 2014, abala 20, ló sọ òdì-kejì: ẹnikẹ́ni nínú iṣẹ́ ìlera kò gbọ́dọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì, ohun yòówù kó fà á. Ẹni tó bá kọ̀ ọ́ lè san ₦100,000, tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì. Abala 26 ní kí wọ́n pa àṣírí aláìsàn mọ́. Ẹ tẹ abala 20 sórí bébà kan, kí ẹ fi í sínú báàgì bí ẹ bá ń tẹ̀ lé ẹnikẹ́ni lọ sílé ìwòsàn. Èyí ni ibi kan ṣoṣo tí ó yẹ kí ìhà méjèèjì gbà fún ara wọn láìjà.

Àmì tó yẹ kó gbé èèyàn dìde lójú ẹsẹ̀: páàdì ńlá méjì tó kún láàárín wákàtí kan, tó sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún wákàtí méjì léra, ibà tó tó 38 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, omi tó ń rùn, inú rírun tí oògùn kò lè ṣẹ́, òòyì tàbí dídákú. Lọ́dọ̀ dókítà, ẹ sọ ọjọ́ nǹkan oṣù tó gbẹ̀yìn, ohun tí obìnrin náà gbé mì tàbí tí wọ́n kì sí i lára, àti wákàtí tó ṣe é. Ẹ má parọ́ níbí. Bó bá jẹ́ irin tàbí igi ni wọ́n lò, dókítà gbọ́dọ̀ mọ̀, nítorí ilé ọmọ lè ti lu, abẹ́rẹ́ ipá sì lè pọn dandan. Bí wọ́n bá fẹ́ fọ ilé ọmọ, ẹ béèrè bóyá ẹ̀rọ tó ń fà ni wọn yóò lò. Àjọ ìlera àgbáyé ti ní kí irin tí wọ́n fi ń họ ilé ọmọ lọ sinmi, torí pé ó léwu ju fífà lọ.

Ẹni tí wọ́n fipá bá lò ní aago tirẹ̀. Láàárín wákàtí 72, oògùn tó ń dènà HIV gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀, yóò sì lò ó fún ọjọ́ 28. Oògùn pàjáwìrì tó ń dènà oyún ń ṣiṣẹ́ dé wákàtí 120, àmọ́ ó ń rẹ̀wẹ̀sì bí wákàtí ṣe ń lọ. Kó má wẹ̀, kó má fọ aṣọ tó wọ̀ kó tó dé ilé ìwòsàn. Ní Èkó, Mirabel Centre tó wà nínú ilé ìwòsàn LASUTH ní Ìkejà ń gba irú wọn wọlé.

Ẹ jẹ́ ká tún yanjú ọ̀rọ̀ Postinor, ọ̀kan nínú oògùn pàjáwìrì tó ń dènà oyún yẹn, torí pé ó ń ba àríyànjiyàn jẹ́ lójoojúmọ́. Postinor kì í ṣẹ́yún. Ó ń fa ìjáde ẹyin sẹ́yìn ni, kí oyún má bàa dúró. Bí oyún bá ti dúró, kò ní ṣe é ní nǹkan kan. Ẹni tó ń tà á ní kẹ́míìsì kò rú abala 230.

Bí a ṣe ń kọ ìwé sí ilé ìgbìmọ̀

Òfin ìpínlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí, nítorí náà ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ yín ni ẹ ó dojú kọ, kì í ṣe Abuja. Ẹ gba àbádòfin náà fúnra rẹ̀, ẹ má gba àkọlé rẹ̀ gbọ́. Ní ìpínlẹ̀ Ímò, inú òfin tó ń sọ̀rọ̀ ìwà ipá ni ọ̀rọ̀ oyún wà. Ó di òfin kí ariwo tó sọ, wọ́n sì fagi lé e ní 2013 lẹ́yìn tí ìjọ Kátólíìkì tako o. Bí ẹ bá gba fáìlì lórí fóònù, ẹ wá àwọn ọ̀rọ̀ yìí nínú rẹ̀: miscarriage, pregnancy, unborn, termination. Ibi tí wọ́n bá ti yọjú ni kí ẹ kà lẹ́ẹ̀mejì.

Àkókò tí ohùn aráàlú ń wọlé ni lẹ́yìn kíkà kejì, nígbà tí ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó bá pe ìpàdé ìtagbangba. Lẹ́yìn kíkà kẹta, ó ti pẹ́. Gómìnà ní ọjọ́ 30 láti buwọ́ lù ú. Bó bá kọ̀, ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé lè sọ ọ́ di òfin láìsí òun.

Ojú ìwé méjì tó. Ní òkè, ẹ kọ orúkọ àbádòfin àti nọ́ńbà rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ọ̀rọ̀ abala bó ṣe wà gẹ́lẹ́, kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́ kó rọ́pò rẹ̀ sísàlẹ̀, kí ìdí tẹ̀ lé e. Ẹ má kọ "kí ìjọba gbé ìgbésẹ̀ tó yẹ"; kò sí akọ̀wé tó lè fi ìyẹn sínú òfin. Bó bá jẹ́ ìdí tuntun lẹ fẹ́ fi kún un, ẹ dáhùn ìbéèrè mẹ́rin nínú ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ: ta ni, títí di ọ̀sẹ̀ mélòó, ta ló máa fọwọ́ sí i, níbo ni wọ́n ti máa ṣe é. Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ kó le sí i, ẹ dáhùn ẹyọ kan yìí kedere: obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ń dà ní aago méjì òru, kí ni dókítà gbọ́dọ̀ ṣe? Àbádòfin tí kò dáhùn ìyẹn, yálà láti ọ̀dọ̀ ìhà èwo, ìgbìmọ̀ á dá a padà tàbí ilé ẹjọ́ á gbà á wò.

Ẹ tẹ ẹ̀dà tó tó iye àwọn ọmọ ìgbìmọ̀, kí ẹ fi méjì kún un, ọ̀kan fún akọ̀wé wọn, èyí tó kù kí wọ́n lu òǹtẹ̀ lé e pé àwọn ti gbà á, kí ẹ sì mú ìyẹn dání lọ sílé.